Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jí: Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ Wàláà Náà

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ó ti wọ ilé púpọ̀ nínú wa, ilé tí kò sì tíì wọ̀, ó ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní Ṣáṣá níbí, nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi. Ó fi ìborùn wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń dá owó àgbò. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ ẹran Iléyá ti èṣí tán ni wọ́n ti ń dá a, ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, ẹlòmíràn lóṣooṣù, ẹlòmíràn ìgbà tí ọjà tòmátì bá tà fún un. Owó wà ní báńkì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, iná kékeré tàn, fáànù inú rẹ̀ fẹ́, ojú rẹ̀ dúdú, ó wá kọ ìlà èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo: "No bootable device." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ti kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá títì. Ọmọ náà wò ó fìrí, ó ní, "Ìyá, Windows ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́máàtì rẹ̀, ẹ ó gbà á nírọ̀lẹ́." Ọpẹ́ ni pé obìnrin náà ní òun ń bọ̀. Bó ti jókòó tì mí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àlfáà, kí ló ń jẹ́ fọ́máàtì?"

Ẹni tó bá ti lọ sílé-kéwú mọ wàláà. Bí ọmọ bá há ohun tó wà lójú wàláà tán, a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó kọ òmíràn sí i. Fọ́máàtì, fífọ wàláà ni. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí a bá ti há ohun tó wà níbẹ̀, tàbí tí a ti dà á kọ síbòmíràn. Àmọ́ ta ni ó há iye owó àgbò gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyí? Ọmọ oníṣẹ́ náà kò purọ́, kò sì jalè. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ ni ó rí, ẹ̀rọ náà ni ó sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Obìnrin yìí ní tirẹ̀, ẹrù inú ẹ̀rọ ló gbé wá. Kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti jí kí gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sì wà ní pípé, àtúnṣe tí wọ́n bá fi ìkánjú ṣe ló máa ń sọ ẹrù náà nù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí a jọ fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní háàdì dísìkì ni àká inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí giramafóònù, yóò tètè yé yín. Ó ní àwo tó ń yí, ó sì ní apá kan tó nà sórí àwo náà bí apá tó gbé abẹ́rẹ́ giramafóònù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ giramafóònù ń ha àwo rẹ̀ lójú, orí apá dísìkì kò gbọdọ̀ fara kan tirẹ̀ rárá. Àwo náà ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí apá náà sì ń fò lókè rẹ̀, àlàfo àárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kan ṣoṣo fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Eruku ọyẹ́ tí ẹ̀ ń nù lórí àga lójoojúmọ́, òkúta ńlá ni lójú ọ̀nà orí náà.

Ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, ní 1956. RAMAC ni wọ́n pe ẹ̀rọ náà. Àwo 50 ló wà nínú àká rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 24, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì fi ń gbé e. Síbẹ̀ gbogbo ohun tó lè gbà kò ju lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Fọ́tò kan péré tí ẹ fi fóònù yà níbi ìkómọ lè kún un dé ẹnu! IBM yìí kan náà kò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: ní 1963 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹni tó wọkọ̀ ní Òjóò kì í pẹ́ dé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó ni mo ń sọ. Lónìí, dísìkì tó ń gba ẹrù tó ju ti RAMAC lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irú kejì tún wà tí wọ́n ń pè ní SSD. Ìyẹn kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Bó bá já bọ́, kì í tètè bàjẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Àmọ́ bó bá fẹ́ kú, kì í ké, ó kàn ń dákẹ́ ni.

Wàyí o, nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, Windows kọ́ ló kọ́kọ́ ń jí. Iṣẹ́ kékeré kan wà lára pátákó inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BIOS, èyí tó wà nínú àwọn tuntun sì ń jẹ́ UEFI. Ẹ fi wé ajísààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Yóò máa ti ilẹ̀kùn kan bọ́ sí èkejì, yóò máa kàn án, yóò máa wá ẹni tí yóò dáhùn. Bó bá kan ilẹ̀kùn dísìkì, tí ohun tí Windows fi ń bẹ̀rẹ̀ bá wà níbi tó yẹ kó wà, onílé dìde nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ajísààrì yóò dúró sójú títì, yóò kọ ọ̀rọ̀ yẹn síta. Ohun tó ń sọ ni pé wọn kò dá òun lóhùn. Kò sọ pé onílé kú. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ló kàn, ó lè jẹ́ ọ̀nà tó lọ sí ilé náà ló já, ó sì lè jẹ́ onílé wà lórí ibùsùn tí ara rẹ̀ kò yá.

Ti ilẹ̀kùn ẹlòmíràn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀: fuláàṣì, káàdì fóònù, okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ wá tún un tàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Mo mọ àwọn kan tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà láti Ṣáṣá dé Agbowó, wọ́n sanwó ọkọ̀ lọ, wọ́n sanwó ọkọ̀ bọ̀, fuláàṣì tí ọmọ wọn fi gba orin ló wà lára rẹ̀. Ajísààrì ń kan ilẹ̀kùn fuláàṣì, fuláàṣì kò sì ní Windows nínú.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì ni, tí ẹ sì ti ń rí i pé ọjọ́ inú rẹ̀ máa ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá tan án, bátìrì kékeré kan tó rí roboto bí owó kọ́bọ̀ ló ti kú nínú rẹ̀. CR2032 ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, kò wọ́n. Nígbà tó bá kú, ajísààrì lè gbàgbé ilẹ̀kùn tó yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Okùn méjì ló sì ń lọ sára dísìkì nínú irú kọ̀ǹpútà yìí, ọ̀kan ń gbé iná, èkejì ń gbé ẹrù. Kọ̀ǹpútà tó bá gun ọ̀kadà lórí ọ̀nà eléguluso, okùn rẹ̀ lè tú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ná kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i.

Ẹni tó bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nínú ilé, kó tún un tàn kó sì máa tẹ F2 tàbí Delete kíákíá, kálukú wọn ló ní èyí tó ń gbà. Ilé ajísààrì fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí. Kó wò ó bóyá orúkọ dísìkì wà níbẹ̀, bóyá òun ló sì wà nípò kìíní lára àwọn ilẹ̀kùn. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Kó má fọwọ́ kan ohun mìíràn níbẹ̀.

Nígbà náà ni kí ẹ wá fi etí sí i. Dísìkì aláwo tí ara rẹ̀ yá máa ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin tó wà lókèèrè. Bí ẹ bá gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń ha bí ìgbà tí ṣíbí ń ha ìdí ìkòkò, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pa á kí ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pé bóyá yóò gbọ́. Orí apá rẹ̀ lè máa họ ojú àwo, ibi tó bá sì họ, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn kan a máa ní kí a gbé e sínú fírísà kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ẹ má dán an wò: bí ẹ bá gbé e jáde, omi ni yóò máa là sára rẹ̀ bó ti ń là sára ìgò omi tútù. Àwọn mìíràn a ní kí a tú ìdérí rẹ̀ kí a wo inú. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa eruku. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dájú, inú yàrá tí wọ́n ti yọ eruku inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí i, owó iṣẹ́ wọn kò sì kéré. Ẹ ronú bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ tó iye yẹn. Bó bá tó o, ẹ gbé e pamọ́ bó ti wà títí owó yóò fi wà.

Ti obìnrin tiwa yìí kò ké. Orúkọ dísìkì rẹ̀ hàn, ó ń kùn dáadáa. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Agbowó." Ẹni tó bá mọ iwájú Yunifásítì mọ bí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti pọ̀ tó níbẹ̀. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fara balẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun ni ó ti béèrè pé, "Ìyá, kí ni ẹ kò fẹ́ kó sọnù nínú rẹ̀?" Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé a dé ibi tó yẹ ká dé.

Ó tú sukurúù, ó yọ dísìkì náà, ó kì í bọ inú pàkó kékeré kan tó ní okùn, ó fi okùn náà há ara kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ yá. Bó ti fi í há a báyìí, kọ̀ǹpútà kejì sọ ọ̀rọ̀ kan jáde tó mú kí obìnrin náà di apá mi mú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ti wà, nítorí pé ẹ lè bá a pàdé lọ́jọ́ kan: "You need to format the disk before you can use it." Ó ní a gbọ́dọ̀ fọ wàláà kí òun tó lè lò ó. Ibi méjì ni wọ́n fún wa láti tẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ Cancel, èyí tó túmọ̀ sí pé a kò ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn da omi sí wàláà. Ẹ̀rọ kàn ń sọ pé ọ̀nà tí wọ́n fi ṣètò ẹrù inú rẹ̀ kò yé òun ni.

Bí ẹnì kan bá ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Nínú dísìkì aláwo, fọ́máàtì oníkíákíá kò ju kí wọ́n ya ojú ewé tí wọ́n kọ orí ọ̀rọ̀ inú ìwé sí. Ewé yòókù ṣì wà, kò kàn sí ẹni tó mọ ibi tí ohunkóhun wà mọ́. Àwọn irinṣẹ́ wà tí wọ́n fi ń ṣa ewé náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fi Windows tuntun sí i lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti kọ ìwé mìíràn lé orí ti àkọ́kọ́. Nínú SSD ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ a máa nu ohun tí wọ́n ní kò wúlò mọ́, kì í sì í pẹ́ nù ún.

Ohun kan náà ló ń mú kí n ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń sáré lo irinṣẹ́ Windows kan tó ń jẹ́ chkdsk láti wo dísìkì sàn. Irinṣẹ́ tó dára ni, àmọ́ ó ń kọ nǹkan sára aláìsàn bó ti ń wò ó. Kí wọ́n da ẹrù kọ ná, kí wọ́n tó wò ó sàn. Ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa gbà ló wù mí jù: ó ní fuláàṣì kan tí Ubuntu wà nínú rẹ̀. Ubuntu, bíi Windows náà ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pín in. Ó ń jí láti inú fuláàṣì láìfi ohunkóhun sínú dísìkì. Ó fi jí kọ̀ǹpútà, ó ṣí àká náà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo yàrá láti ojú fèrèsé. Bó bá jẹ́ pé BitLocker ló ti àká náà pa, ìyẹn àgádágodo tí Microsoft ṣe, yóò béèrè fún kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun ni ó ń ti ara rẹ̀ pa báyìí láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Inú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sábà máa ń wà, ẹ wá a lónìí kí ẹ sì dà á kọ sínú ìwé.

Ti obìnrin yìí kò ní àgádágodo. Àkọsílẹ̀ owó àgbò wà nínú fódà kan tó pè ní "Iléyá", ó wà láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ àti ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹyọ orúkọ kan tó sọnù. Ó sunkún níbẹ̀. Kí ló ti wá ṣẹlẹ̀? Ní alẹ́ tó ṣáájú, Windows ń tún ara rẹ̀ ṣe, iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti kú láti ọdún tó kọjá, wáyà ló fi ń mí. Ohun tí Windows fi ń bẹ̀rẹ̀ wà ní àárín méjì, ti àtijọ́ ti kúrò, tuntun kò tíì jókòó. Wọ́n da gbogbo ẹrù kọ sí ibi méjì, obìnrin náà fi ojú ara rẹ̀ wò ó nínú kọ̀ǹpútà mìíràn pé ó ń ṣí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fọ wàláà. Kí ẹ̀yin tí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín ti kú tètè wá nǹkan ṣe sí i. Onítábìlì ní tirẹ̀ nílò UPS, kì í ṣe sitabiláísà nìkan, nítorí sitabiláísà kì í fi iná pamọ́.

Kò sí dísìkì tí kì í kú. Backblaze, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń bá ènìyàn tọ́jú irú ẹrù yìí, a máa ka tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 2023, nínú dísìkì tó ju 200,000 lọ, nǹkan bí 1.4 nínú 100 ló kú láàárín ọdún kan. Inú yàrá tútù ni tiwọn wà, iná wọn kì í lọ. Ẹ fi ti Ṣáṣá wé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ kí ó bọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ jálẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù kò jìnnà, ọ̀pọ̀ ilé sì ti gbà pé òkú ẹ̀rọ ni àwọn tà. Ẹ gbọ́ èyí. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network wá láti Amẹ́ríkà wo ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó. Wọ́n kó háàdì dísìkì níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kánádà ra dísìkì ní Gánà, wọ́n bá ìwé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Northrop Grumman ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe nínú ọ̀kan lára wọn. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn olówó ayé, kí ni yóò ti fọ́tò ìwẹ̀ ọmọ yín rí, àti nọ́ńbà báńkì yín? Ẹ yọ dísìkì kí ẹ tó ta ìyókù. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ lò ó mọ́, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi òòlù fọ́ ọ títí ẹ ó fi mọ̀ pé àwo inú rẹ̀ ti rún. Bó bá jẹ́ SSD, kí ẹ rí i pé àwọn ègé dúdú orí pátákó rẹ̀ ló fọ́.

Àwọn obìnrin wa ra àgbò wọn, kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà. Akọ̀wé wọn ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan báyìí, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kọ owó sí kó tó fi í sínú kọ̀ǹpútà. Fuláàṣì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Mọ́níyà, wọ́n sì ń ṣe pààrọ̀ wọn ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún wọlé wá bá mi, ó ní kí n bá òun wo fóònù ọmọ òun tó já sínú ìkòkò ewédú. Ìyẹn di ọ̀sẹ̀ mìíràn, in ṣáà Allah.